Àkísà Kálámù: Àlàyé Lórí Kálámù Onítàdáwà Àtijọ́ ti Ilẹ̀ Japan

Bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Owó lè ra aṣọ lóòjọ́, ṣùgbọ́n ọdún nìkan ló ń sọ aṣọ di àkísà. Nítorí náà, ẹ̀rí ni àkísà. Òun ló ń jẹ́ ká mọ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ti pẹ́ láyé tó. Ẹni tó bá fẹ́ máa kó kálámù onítàdáwà àtijọ́ ti Japan jọ, kó fi òwe yìí ṣe ìpìlẹ̀. Kó má wo dídán. Àmì ọjọ́ orí ni kó wá.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́ta ló lókìkí jù nídìí iṣẹ́ yìí. Sailor bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Kure ní 1911. Pilot tẹ̀ lé e ní 1918, Namiki ni orúkọ tó ń jẹ́ nígbà náà. Platinum sì dé ní 1919. Bí orúkọ tó wà lára kálámù kò bá bá èyí tó wà lẹ́nu rẹ̀ mu, ọwọ́ ẹlòmíràn ti wọ̀ ọ́.

Ẹnu kálámù ló ń sọ̀rọ̀ jù. Lára ọ̀pọ̀ Pilot ìgbà 1970, a óò rí àmì bíi H574. H ni ilé-iṣẹ́ tó wà ní Hiratsuka, 5 ni oṣù karùn-ún, 74 sì ni ọdún 1974. Ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ẹnu nìyẹn, kì í ṣe ti gbogbo kálámù, torí pé ẹnu ṣeé pààrọ̀. Myu 701, kálámù Pilot tó jáde ní 1971, yàtọ̀ ní tirẹ̀: irin kan ṣoṣo ni ẹnu rẹ̀ àti ibi tí à ń fọwọ́ dì mú, ẹ̀rí rẹ̀ sì fẹsẹ̀ múlẹ̀ ju ti àwọn yòókù lọ.

Àmì JIS, tó ń fi hàn pé ọjà bá ìlànà iṣẹ́ ilẹ̀ Japan mu, náà ń jẹ́rìí. Òfin ọdún 1949 ló bí i. Bí ẹnìkan bá fi kálámù tó ní àmì yìí lọ̀ wá pé wọ́n ṣe é ṣáájú Ogun Àgbáyé Kejì, ká dá a padà fún un.

Àìsí wúrà pẹ̀lú lè jẹ́ ẹ̀rí. Lẹ́yìn tí ogun Japan àti Ṣáínà bẹ̀rẹ̀ ní 1937, ìjọba dí àwọn oníṣẹ́ lọ́wọ́ lílo wúrà, wọ́n sì ń fi irin lásán ṣe ẹnu kálámù. Ẹni tó bá yọ irin yẹn, tó fi wúrà rọ́pò rẹ̀ kó lè lówó lórí, ti ba ìtàn jẹ́.

Ara kálámù ni ọ̀rọ̀ ti jinlẹ̀ jù. Rọ́bà líle ni wọ́n fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú wọn láyé ọjọ́un, ìmọ́lẹ̀ àti ọ̀rinrin sì máa ń sọ dúdú rẹ̀ di àwọ̀ ilẹ̀. Namiki bẹ̀rẹ̀ sí í fi oje igi urushi bò ó kó má bàa ṣá. Oje yìí náà làwọn oníṣọ̀nà fi ń ya àwòrán sí i lára, kí wọ́n tó wọ́n lẹ́búlẹ́bú wúrà lé e kó tó gbẹ. Maki-e ni wọ́n ń pe iṣẹ́ náà. Ní 1930, Namiki àti Dunhill ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dòwò pọ̀, iṣẹ́ náà sì tàn dé Yúróòpù. Matsuda Gonroku, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá tó ṣiṣẹ́ fún Namiki, di ẹni tí ìjọba Japan kà sí ìṣúra orílẹ̀-èdè ní 1955. Ká fi dígí tó ń mú nǹkan tóbi wo maki-e tí a bá rí: iṣẹ́ ọwọ́ máa ń ga díẹ̀, lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ kì í sì í dọ́gba, ṣùgbọ́n bí àmì wẹ́wẹ́ tó dọ́gba bá tò létòlétò lára rẹ̀, iṣẹ́ ẹ̀rọ ni.

Síbẹ̀, gbogbo ìbàjẹ́ kọ́ ni ẹ̀rí. Bí wúrà ìkọ́ bá ti ṣá, ká gbà á bẹ́ẹ̀. Bí ìdérí bá ti sán, tàbí tí góńgó ẹnu bá ti jẹ tán, ká fi sílẹ̀.

Èyí tí a bá rà, ká má fi nǹkan dán an. Omi tútù ni ká fi fọ ẹnu rẹ̀, torí omi gbígbóná máa ń pa rọ́bà líle láwọ̀ dà. Ká kọ gbogbo àmì tí a rí àti àtúnṣe tí a ṣe sínú ìwé pélébé kan, kó máa bá kálámù náà rìn, kí ẹni tí yóò gbà á lọ́wọ́ wa má bàa ṣèṣì ka àtúnṣe tiwa sí iṣẹ́ ọwọ́ àwọn tó kọ́kọ́ ṣe é.