Ìbọn Tí Wọ́n Gbé Bọ̀ Láti Igbájọ

  Wọ́n ní kí a wá sọ ọ̀rọ̀ ìtàn níbi ọdún Ifá yìí. A rò ó pé dípò kí a máa to orúkọ ọba àti ti balógun lẹ́sẹẹsẹ, ohun kan ṣoṣo ni kí a gbé síwájú yín: ìbọn kan tí ó wà nílé wa n'Íbàdàn, tí ó bọ́ sọ́wọ́ wa nígbà tí olórí ẹbí wa papò dà.

Ohun tí àwọn àgbà ilé fi lé wa lọ́wọ́ ni pé Ààrẹ Látòósà ni ó fi ìbọn náà ta bàbá ńlá wa lọ́rẹ nínú ibùdó Igbájọ, lásìkò ogun Kírìjì, nítorí akin rẹ̀. Ọdọọdún ni a ń bọ ọ́ pẹ̀lú Ògún. Nítorí ẹ̀bùn Ààrẹ yìí kan náà ni ojúlé tiwa fi ń di ọ̀bẹ mú ṣáájú àwọn ojúlé yòókù nídìí Ògún ẹbí. Ẹ rí i pé ọ̀rọ̀ náà kọjá ti irin tí ó ti dípẹtà.

Nígbà tí a fọ epo àti ẹ̀jẹ̀ ọjọ́ pípẹ́ kúrò lára rẹ̀, àmì jáde. Adé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ irin, lẹ́tà V àti R wà lábẹ́ rẹ̀, ìyẹn àmì Ọbabìnrin Victoria. A tún rí ọ̀rọ̀ náà TOWER àti ọdún 1859. Inú àwọn ẹbí dùn pé ìbọn náà ju ogun Kírìjì lọ lọ́jọ́ orí. Ṣùgbọ́n ìdérí kékeré kan wà ní ìsàlẹ̀ ọ̀pá ìbọn náà, èyí tí a ń ṣí sí ẹ̀gbẹ́. Jacob Snider, ará Amẹ́ríkà, ni ó gbé ọgbọ́n ìdérí yìí kalẹ̀, ọdún 1866 ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì sì gbà á. Báwo ni ìbọn 1859 ṣe wá ní ohun tí wọn kò tí ì dá sílẹ̀? Ìdáhùn rẹ̀ ni pé Gẹ̀ẹ́sì kò da àwọn ìbọn àtijọ́ rẹ̀ nù. Ó gé ìdí ọ̀pá àwọn èyí tí wọ́n ń ti ẹnu kì tẹ́lẹ̀, ó sì fi ìdérí Snider sí wọn. Ìbọn tiwa ti wá sílé ayé lẹ́ẹ̀kan kí ó tó tún ayé wá.

Àmì kan ṣẹ́kù tí a fẹ́rẹ̀ẹ́ fojú fò dá: ọfà kékeré méjì tí wọ́n kọjú orí síra. Àmì ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ni, ó sì túmọ̀ sí pé ìjọba ti ta ìbọn náà síta. Láti 1871 ni wọ́n ti gba ìbọn Martini-Henry, Snider sì di ọjà.

Ta ni ó ra ọjà yẹn wá sí ilẹ̀ Yorùbá? Níbí ni ọ̀rọ̀ ti gbóná. Ní 1878, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà kọ ìyà àwọn ajẹ́lẹ̀ Ìbàdàn. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí ni ó kọ́kọ́ gbé idà sókè (ẹ̀yin awo, ẹ gbọ́ orúkọ náà: Ifá bùn mi), Ògèdèǹgbé Ìjẹ̀ṣà sì di olórí ogun lẹ́yìn rẹ̀. Ìbàdàn dó sí Igbájọ, Èkìtì Parapọ̀ dó sí Ìmẹ̀sí-Ilé. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì tí wọ́n ti oko ẹrú bọ̀ gba Sàró, tí wọ́n ti di oníṣòwò àti ọ̀mọ̀wé ní Èkó, dá owó jọ, wọ́n sì ń fi ìbọn àti ọta ránṣẹ́ sílé. Ọmọ ogun Ìbàdàn ní láti dúró ro ẹ̀tù, kí ó kì í, kí ó fi ọta sí i, kí ó tó yin ṣakabùlà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí Snider wà lọ́wọ́ rẹ̀ lè dọ̀bálẹ̀ sẹ́yìn òkìtì, bí ó bá sì mọ̀ ọ́n lò, kí ó yìn ín tó ìgbà mẹ́wàá ní ìṣẹ́jú kan. Ìró tí ń dún láàárín òkè wọnnì ni wọ́n fi sọ ogun náà lórúkọ. Samuel Johnson, tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn tí ń gbé iṣẹ́ àlàáfíà láàárín ibùdó méjèèjì, kọ ìpọ́njú tí ìbọn yìí mú bá Ìbàdàn sínú ìwé ìtàn rẹ̀.

Nítorí náà, lọ́wọ́ ọ̀tá ni irú ìbọn yìí ti pọ̀. Òótọ́ ni pé Ìbàdàn náà rí díẹ̀ rà nígbẹ̀yìn, àmì ara irin nìkan kò sì lè já Ààrẹ nírọ́. Ohun tí ó là wá lójú ni oríkì. Àwọn ìyàwó ilé wa a máa ki bàbá ńlá yìí ní A-gbé-tirẹ̀-lọ-gbé-tẹlòmíràn-bọ̀. Láti kékeré ni a ti ń gbọ́ ọ; a rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ìyá àgbà kan, àgbà obìnrin ilé, rẹ́rìn-ín nígbà tí a bi í léèrè. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkùnrin ni ẹ sọ pé Ààrẹ ló fún un. Àwa kò sọ bẹ́ẹ̀ rí." Ìyá ọkọ rẹ̀ ti sọ fún un pé ara òkú ni bàbá ti bọ́ ìbọn náà.

Àwọn kan bínú. Wọ́n ní a fẹ́ ba ilé jẹ́, pé Ààrẹ tí ó kú sínú ibùdó ní 1885 kò lè dìde jẹ́rìí. A gbọ́ wọn. Ṣùgbọ́n àwa tí a ń sọ fún ọmọ awo pé kò gbọdọ̀ fi irọ́ kún ẹsẹ Ifá, ojú wo ni a ó fi máa pa irọ́ nídìí Ògún? A tẹ́ ọ̀pọ̀n. Ohun tí Ifá bá ìdílé sọ, inú ìdílé ni yóò wà. A ó sọ èyí tí ojú rí.

Ní ọdún 1886, ọjọ́ 23 oṣù kẹsàn-án, ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé àlàáfíà, ṣùgbọ́n ọdún 1893 ni ibùdó méjèèjì tó túká. Bàbá ńlá wa gbé ìbọn náà wálé. Kò sí ẹni tí ó bá olówó rẹ̀ gbé òkú rẹ̀ lọ sílé, bí a ti mọ̀.

Ní ọdún Ògún tí ó kọjá, obì méjì ni a gbé sílẹ̀. A fi ọ̀kan pe bàbá ńlá wa lórúkọ. A fi èkejì pe ẹni tí ó ni ìbọn. A kò mọ orúkọ rẹ̀, a sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un: ará Ìjẹ̀ṣà tàbí ará Èkìtì, ọmọ ẹni tí ó bí i. Obì náà yàn. Ọ̀rọ̀ ta ni yóò máa di ọ̀bẹ mú ṣáájú ṣì wà nílẹ̀. Àwọn ẹbí ní lẹ́yìn iṣu tuntun ni àwọn yóò jókòó lé e lórí.