Ta Ló Fún Anini Lágbára?

Ìtàn ni mo gbé wá lónìí. Ó gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé fóònù rẹ̀ wá síwájú mi, ó ní kí n wo kọ́míìkì kan, ìyẹn ìwé àwòrán. Suicide Squad lorúkọ rẹ̀, àwọn ará Amẹ́ríkà ló ń ṣe é. Olè àti apààyàn ló kún inú rẹ̀, púpọ̀ nínú wọn ló sì ní agbára tí ẹ̀dá lásán kò ní. Ní 1987 ni John Ostrander bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ bó ṣe rí yìí: ìjọba á kó àwọn ọ̀daràn jáde lẹ́wọ̀n, wọ́n á de ẹ̀gbà tó lè bú gbàmù mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á sì rán wọn níṣẹ́ ikú. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Amanda Waller, òṣìṣẹ́ ìjọba, ló ń darí wọn. Kódà ilé iṣẹ́ yẹn ti gbé irú ẹ̀ jáde rí ní 1976, ọdún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Niger sílẹ̀ tí Minna wa di olú ìlú.

Ọmọ yẹn bá bi mí pé, "Bàbá Kékeré, ṣé irú àwọn èèyàn báyìí ti wà ní Nàìjíríà rí?"

Mo ní wọ́n ti wà, ó kéré tán lẹ́nu àwa èèyàn.

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó. Kí òyìnbó tó ya àwòrán ẹni tó ń fò, a ti ní orúkọ fún agbára wọ̀nyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ pòórá, àfẹ́ẹ̀rí ni. Ẹni tó bá fẹ́ ti Minna dé Ìbàdàn kí ojú tó ṣẹ́, egbé ni. Kí ìbọn má ràn án, ayẹta. Kí àdá má ràn án, òkígbẹ́. Ọdẹ àti jagunjagun ni wọ́n máa ń sọ pé ó ni wọ́n. Àmọ́ àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ agbára kí wọ́n má sọ èèwọ̀ rẹ̀. Ohun kan á wà tí oníǹkan ò gbọdọ̀ jẹ, tàbí ibì kan tí kò gbọdọ̀ dé. Ọjọ́ tó bá dé ibẹ̀, ó parí.

Nígbà tí ìwé àwòrán dé ọ̀dọ̀ wa, irú ìtàn yẹn náà la bá nínú ẹ̀. Àwọn tó ti dàgbà níbí á rántí Atóka, tí wọ́n ń tẹ̀ jáde l'Ékòó ní èdè Yorùbá. Fọ́tò àwọn eléré orí ìtàgé wa ni wọ́n máa ń yà, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ sí wọn lẹ́nu. Ẹ ẹ̀ sì lè gbàgbé African Film ti ilé iṣẹ́ Drum, níbi tí Lance Spearman, tí gbogbo ayé ń pè ní Spear, ti ń fi fìlà rẹ̀ lé àwọn ọ̀daràn bíi Rabon Zollo kiri. Ní 1975, wọ́n ṣe Powerman ní ìlú òyìnbó fún àwa ará Nàìjíríà. Dave Gibbons àti Brian Bolland, tí wọ́n padà di ìlú mọ̀ọ́ká nínú iṣẹ́ yìí, ló yà á. Akọni dúdú ni Powerman, kò sóhun tó lè mú un, àfi tí ejò bá bù ú ṣán. Ṣé ẹ rí i? Èèwọ̀ nìyẹn náà.

Inú ìwé nìyẹn o. Ẹ jẹ́ ká bọ́ sí ti ojú ayé.

Ogun abẹ́lé parí ní January 1970. Ìbọn ti pọ̀ nílùú, ìdigunjalè sì gbòde. Lọ́dún yẹn kan náà, ìjọba Gowon ṣòfin pé ikú ni ìjìyà adigunjalè. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ le jù nígbà náà ni Ishola Oyenusi. Ó pe ara rẹ̀ ní Dókítà, bẹ́ẹ̀ ni kò kàwé dókítà kankan. Àwọn èèyàn ní ìbọn ò lè ràn án. Ní September 8, 1971, wọ́n so òun àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́gi ní Bar Beach l'Ékòó, ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn sì lọ wò ó. Ọ̀pọ̀ ń retí kó pòórá. Kò pòórá. Ìbọn dún, ó kú.

Ẹ ó rò pé ẹ̀kọ́ ti dé nìyẹn. Kò pé ogún ọdún, a tún bẹ̀rẹ̀.

Ní 1986, Lawrence Anini gba ìlú Benin kan. Wọ́n ń jí mọ́tò, wọ́n ń ja báńkì lólè, wọ́n ń pa ọlọ́pàá. Wọ́n ní ó máa ń fọ́n owó sáàárín ọjà. Gbogbo ẹnu ló ń sọ pé àfẹ́ẹ̀rí wà lára rẹ̀, pé bí ọlọ́pàá bá yí ilé ká, atẹ́gùn ló máa dà. Ọ̀rọ̀ náà dé ọ̀dọ̀ ọmọ Minna wa, Ọ̀gágun Babangida tó ń ṣe olórí ìjọba. Níbi ìpàdé kan, ó kọjú sí Etim Inyang, ọ̀gá pátápátá fáwọn ọlọ́pàá, ó bi í pé níbo ni Anini wà.

Ní December 3, 1986, wọ́n rí i. Inú ilé ni wọ́n bá a ní Benin, lọ́dọ̀ obìnrin. Wọ́n yìnbọn fún un lẹ́sẹ̀, ìbọn náà sì wọlé. Wọ́n padà gé ẹsẹ̀ yẹn. Orí kẹ̀kẹ́ arọ ló wà nígbà tí wọ́n ń gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka bó ṣe jẹ́, ọ̀rọ̀ yíwọ́. Ọ̀gá ọlọ́pàá kan tó ń jẹ́ George Iyamu ló wà lẹ́yìn wọn. Òun ló ń ta wọ́n lólobó ohun tí àwọn ọlọ́pàá fẹ́ ṣe, òun ló ń wá ìbọn fún wọn, ó sì ń gba ìpín tiẹ̀. Ní March 29, 1987, wọ́n yìnbọn pa Anini àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, Iyamu náà sì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin èèyàn mi, àfẹ́ẹ̀rí Anini nìyẹn. Kì í ṣe ońdè, èèyàn ni. Ẹni tí wọ́n bá ti sọ fún pé ọlọ́pàá ń bọ̀, kò ní pòórá bí? Ọdún yẹn gan-an ni Ostrander bẹ̀rẹ̀ ìwé tiẹ̀ l'Ámẹ́ríkà. Nínú tiẹ̀, òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń lo olè. Ní tiwa, olè àti òṣìṣẹ́ ìjọba ni wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́. Bí ikú ilé ò pani, tòde ò lè pani.

Kí ló dé tí mo ń sọ èyí? Torí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Fadikpe níbí lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn ni. Olè kan ń yọ wá lẹ́nu ládùúgbò wa. Á wọ yàrá láìjá kọ́kọ́rọ́, á kó fóònù àti owó, á lọ. Kíá, a ti ní àfẹ́ẹ̀rí ló ń lò. Ní ìdájí ọjọ́ kan, àwọn ọ̀dọ́ mú ọmọkùnrin kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí. Wọ́n tú u wò, wọ́n bá ońdè ní ìbàdí rẹ̀. Ó tán! Wọ́n nà án títí ẹ̀jẹ̀ fi bò ó lójú. Ẹnì kan ti ń yí táyà bọ̀. Ìyá àgbàlagbà kan ló jókòó ti ọmọ náà nílẹ̀, ó ní àfi kí wọ́n sun àwọn méjèèjì pọ̀. Bí wọ́n ṣe pe ọlọ́pàá nìyẹn.

Òògùn inú rírun ni ońdè yẹn. Iṣẹ́ alágbàṣe ni ọmọ ọlọ́mọ ń lọ. Oṣù kan lẹ́yìn náà, a mú olè gan-an: ọmọ inú ọgbà wa ni, ó ti lọ ṣe ẹ̀dà kọ́kọ́rọ́ wa. Ògiri tí kò lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀.

Èmi náà wà níbẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn. Mi ò lu ọmọ náà, àmọ́ mi ò la ẹnu mi. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé olè tó ń pòórá ni. Ó ń dùn mí títí dòní.

Torí náà, mi ò gba kọ́míìkì lọ́wọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi. Kó máa kà á, ìtàn dùn. Ohun tí mo sọ fún un ni pé bí wọ́n bá ti ní olè kan lágbára, kó kọ́kọ́ béèrè ẹni tó ń ṣí ilẹ̀kùn fún un.

Ẹ̀yin àgbà tẹ́ ẹ ka Atóka tàbí Spear nígbà yẹn, tàbí tẹ́ ẹ wà ní Benin ní 1986, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa sọ ohun tẹ́ ẹ rántí. Àwọn ọmọ wa ń kà á. Ire o.