Ẹ̀rí Ló Ń Yáni Lówó: Ìtàn Ìgbẹ́kẹ̀lé Láàárín Ayáwó àti Olówó

Àwọn àgbà ní ẹni tó yá ẹgbẹ̀fà tí kò san án, ó bẹ́gi dínà ẹgbẹ̀fà mìíràn. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni kọ̀ọ̀kan, ó kan oníṣòwò, ó sì kan orílẹ̀-èdè. Ọ̀pọ̀ ènìyàn gbà pé ọlọ́rọ̀ nìkan ni wọ́n ń yá lówó, ṣùgbọ́n ìtàn kò gbè wọ́n lẹ́yìn. Ohun tó ń ṣí àpò olówó ni ẹ̀rí pé ayáwó ti jẹ gbèsè rí, ó sì san án. Níbi tí ẹ̀rí bá wà, èlé a máa kéré. Níbi tí kò bá sí, olóòótọ́ àti ajẹgbèsè-má-san ni yóò jọ máa san èlé gọbọi kan náà, nítorí kò sí ẹni tó lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Nítorí náà, bí a bá fẹ́ mọ ìdí tí owó fi ń rọrùn fún ẹnì kan láti yá tó sì ń nira fún ẹlòmíràn, ìbéèrè méjì ló yẹ ká bi ìtàn: ta ni ẹlẹ́rìí, kí sì ni ẹ̀rí náà ń ná ayáwó?

Ní ilẹ̀ Yorùbá àtijọ́, ẹbí àti aládùúgbò ni ẹlẹ́rìí. Ẹni tí ìnáwó ìsìnkú tàbí ìtanràn bá ká mọ́ lè fi ara rẹ̀ tàbí ọmọ rẹ̀ ṣe ìwọ̀fà. Samuel Johnson ṣàlàyé nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, pé ìwọ̀fà kì í ṣe ẹrú. Iṣẹ́ tó ń ṣe fún olówó ni èlé, gbèsè náà kì í sì í dín títí di ọjọ́ tí wọ́n bá san án tán. Onígbọ̀wọ́ ní láti dúró fún un. Bí ayáwó mìíràn bá sì kọ̀ tí kò san, olówó lè rán ológò lọ jókòó sí agbo ilé rẹ̀, kí ó máa pa adìẹ ilé jẹ, kí ó máa pariwo, títí ará ilé yóò fi wá owó náà jáde. Ètò yìí múná, torí orúkọ gbogbo agbo ilé ló dúró fún gbèsè ẹnì kan. Ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà wọ́n jù. Àlejò tí kò ní ẹbí nítòsí kò rí onígbọ̀wọ́, ọmọ sì ń fi ìgbà èwe rẹ̀ sin gbèsè tí kò jẹ. Ó tọ́ bí òfin ṣe gbé ìwọ̀fà wálẹ̀ ní ọ̀rúndún ogún.

Ọ̀rọ̀ àwọn oníṣòwò tún le ju èyí lọ, nítorí òwò a máa kọjá ibi tí ojúlùmọ̀ dé. Àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà ta aṣọ láwìn jìnnà sí ilé, wọ́n á sì padà lọ lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà oníbàárà títí wọn yóò fi gbowó wọn. Ní Amẹ́ríkà, Lewis Tappan, tí ilé òwò sílíkì òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ṣubú nínú ìdàrúdàpọ̀ owó ti 1837, dá Mercantile Agency sílẹ̀ ní New York ní 1841. Àwọn aṣojú rẹ̀ káàkiri, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ agbẹjọ́rò, ń kọ ìròyìn ìwà àti ìsanwó oníṣòwò ránṣẹ́, ẹni tó bá fẹ́ tajà láwìn sì ń sanwó láti mọ̀ ọ́n. Ní Èkó, Bank of British West Africa bẹ̀rẹ̀ ní 1894, ṣùgbọ́n àwọn oníṣòwò adúláwọ̀ ráhùn pé kì í yá àwọn lówó bó ṣe ń yá àwọn iléeṣẹ́ òyìnbó. Èyí wà lára ohun tó bí àwọn báńkì onílẹ̀. Industrial and Commercial Bank bẹ̀rẹ̀ ní 1929, ó sì wó ní 1930. National Bank of Nigeria tó bẹ̀rẹ̀ ní 1933 dúró pẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, ọ̀pọ̀ báńkì tuntun tún wó, ìjọba sì ṣe òfin báńkì àkọ́kọ́ ní 1952. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀: ẹni tó bá kọ̀ láti wo ẹ̀rí ń rẹ́ olóòótọ́ jẹ, ẹni tó bá sì yáni lówó láìwo ẹ̀rí ń ba owó olówó jẹ́.

Ìjọba pàápàá kò bọ́ nínú òfin yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ló ní ológun àti agbowó-orí. Ní 1672, Ọba Charles Kejì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dá sísan gbèsè dúró, ó sì kó àwọn tó yá a lówó sí wàhálà. Nígbà tí a fi máa di 1694, ilé aṣòfin ti ń fọwọ́ sí owó-orí tí wọn yóò fi san gbèsè. Bank of England tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún náà yá ìjọba ní £1,200,000 ní èlé ìdá 8 nínú ọgọ́rùn-ún. Láàárín àwọn ọdún 1730, èlé náà ti já sí nǹkan bí ìdá 3. Nàìjíríà gba ọ̀nà yìí kọjá lójú wa. Ó yá bílíọ̀nù kan dọ́là ní 1978, owó epo já wálẹ̀, gbèsè tí kò rí san sì ń bí sí i. Ní 2005, Paris Club, ẹgbẹ́ àwọn orílẹ̀-èdè tó ń yáni lówó, gbà láti fojú fo nǹkan bí bílíọ̀nù 18 dọ́là, Nàìjíríà sì san nǹkan bí bílíọ̀nù 12. Ní 2006, àwọn iléeṣẹ́ tó ń díwọ̀n bí ayáwó ṣe lè san gbèsè sí, Fitch àti Standard & Poor's fún un ní ìdíwọ̀n BB-. Ní January 2011, ó ta ìwé gbèsè Eurobond àkọ́kọ́ rẹ̀, 500 mílíọ̀nù dọ́là. Moody's, adíwọ̀n mìíràn, já a wálẹ̀ sí Caa1 ní January 2023, ó sì gbé e padà sí B3 ní May 2025. Ará ọjà náà ń jìyà ìjákulẹ̀ bẹ́ẹ̀, torí bí ìjọba bá ń san èlé ńlá, ìjọba ni báńkì yóò fẹ́ yá lówó ju aláṣọ òkè tàbí àgbẹ̀ lọ.

Àwọn kan yóò ní àwọn adíwọ̀n wọ̀nyí kò ṣeé gbára lé. Òótọ́ ni pé kí ètò owó àgbáyé tó wó ní 2008, wọ́n fi AAA, ìdíwọ̀n tó ga jù, sórí ìwé ẹ̀yáwó ilé tó padà já sí òfo, àwọn tó ń ta ìwé náà ló sì ń sanwó fún wọn. Òótọ́ sì ni pé Àjọ Ìṣọ̀kan Áfíríkà ti fẹ̀sùn ojúsàájú kàn wọ́n. Ṣùgbọ́n bí ẹlẹ́rìí kan bá purọ́, a kì í tìtorí rẹ̀ ti ilé ẹjọ́ pa. Ẹlẹ́rìí púpọ̀ sí i la nílò, pẹ̀lú ìwé ìṣirò tí ìjọba fi síta gbangba, tí ẹnikẹ́ni lè yẹ̀ wò. Àwọn mìíràn yóò ní àkọsílẹ̀ gbèsè wulẹ̀ jẹ́ pańpẹ́ fún mẹ̀kúnnù ni, torí ní Nàìjíríà, àwọn ajẹgbèsè ńlá ló fẹ́rẹ̀ẹ́ wó báńkì ní 2009, títí ìjọba fi dá àjọ AMCON sílẹ̀ ní 2010 láti ra gbèsè wọn. Ẹ̀sùn yìí wúwo, ṣùgbọ́n àwọn alákòóso tó ṣojú fo ẹ̀rí nítorí ojúlùmọ̀ ló tọ́ sí. Àwọn áàpù ẹ̀yáwó tó ń fi ọ̀rọ̀ àbùkù ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí ajẹgbèsè kò yàtọ̀ sí ológò: ìtìjú ni wọ́n ń tà, wọn kò fún ayáwó ní ẹ̀rí kankan tó lè mú lọ síbòmíràn.

Ohun tó kù ni kí ẹ̀rí rere náà di ohun tí a ń kọ. Nàìjíríà ti ní BVN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ oníbàárà báńkì, láti 2014, òfin àkọsílẹ̀ gbèsè láti 2017, àti ètò tó jẹ́ kí báńkì fa gbèsè yọ nínú àpò ajẹgbèsè ní báńkì mìíràn láti 2020. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń ṣọ́ ẹni tí kò san. Ṣùgbọ́n ìyá aláta tó ti ń dá àjọ fún ogún ọdún láìpa ọjọ́ kan jẹ, tó sì ń san ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ rẹ̀ lásìkò, lè wọ báńkì bí ẹni tí kò jẹ gbèsè kankan rí. Kí ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀ máa fi àkọsílẹ̀ ìsanwó ránṣẹ́, pẹ̀lú àṣẹ ọmọ ẹgbẹ́, sí àwọn iléeṣẹ́ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ gbèsè, kí òfin sì fún ayáwó lágbára láti rí i kí ó sì tún àṣìṣe inú rẹ̀ ṣe. Ìṣòótọ́ àwọn bí ìyá aláta yìí ti wà tipẹ́. Ìwé tí yóò jẹ́rìí sí i ni wọn kò tíì ní, gbèsè tí ìjọba àti báńkì sì jẹ wọ́n nìyẹn.