Àgádágodo Tó Fìyà Jẹ Ẹni Tó Sanwó

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ń fi fóònù ra orin, ìwé àti fíìmù, ìdí nìyẹn tá a fi fẹ́ sọ ìtàn yìí.

Lọ́dún 2005, ilé-iṣẹ́ Sony BMG ní Amẹ́ríkà fẹ́ dá àwọn tó ń da orin kọ láìsanwó dúró. Wọ́n fi àgádágodo sínú àwọn CD kan. Títí débẹ̀, kò burú. Ẹni tó ṣiṣẹ́ yẹ kó jẹ èrè iṣẹ́ rẹ̀.

Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ki CD náà bọ kọ̀ǹpútà Windows, ohun kan á wọlé, á sá pamọ́ síbẹ̀. Ìwé àdéhùn wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sọ bẹ́ẹ̀ fún oníbàárà. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹwàá, onímọ̀ kọ̀ǹpútà kan, Mark Russinovich, tú àṣírí ẹ̀. Kò pẹ́ táwọn tó ń ṣe fáírọ́ọ̀sì náà fi ń lo ibi ìsápamọ́ yẹn.

Ẹ wò ó o: àgádágodo yẹn ò dé ọ̀dọ̀ ẹni tó jí orin wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹni tó lọ sí ṣọ́ọ̀bù, tó sanwó, òun ni wàhálà bá. Wọ́n fi akátá sílẹ̀, adìẹ ni wọ́n ń bá wí!

Àwọn oníbàárà ò dákẹ́, wọ́n gbé wọn lọ sílé ẹjọ́. Nínú oṣù kọkànlá, ilé-iṣẹ́ náà kó CD wọ̀nyẹn kúrò lọ́jà. Lọ́dún 2007, wọ́n gbà fún ìjọba Amẹ́ríkà pé àwọn á san tó 150 dọ́là fún ẹni tí kọ̀ǹpútà ẹ̀ bàjẹ́ níbi tó ti ń yọ nǹkan náà.

Lọ́dún yẹn kan náà, EMI àti Apple bẹ̀rẹ̀ sí í ta orin tí kò ní àgádágodo. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2008, Sony BMG fúnra ẹ̀ tẹ̀ lé wọn. Oṣù kìíní ọdún 2009, Apple kéde pé gbogbo orin tó wà lórí iTunes á di bẹ́ẹ̀. Ọjà orin ò sì tìtorí ẹ̀ parun.

A ò ní kẹ́ ẹ jí iṣẹ́ oníṣẹ́ o. Ohun tá a ń sọ ni pé ọ̀pọ̀ ìwé àti fíìmù tá à ń rà lónìí ṣì wà lábẹ́ àgádágodo. Kí ẹni tó ń tà sọ òtítọ́ ká tó sanwó. Kó má fọwọ́ kan ohun tí kì í ṣe tiẹ̀ nínú ẹ̀rọ wa. Tó bá sì ti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀ pa lọ́la, kí ohun tá a rà má bá a lọ. Ẹni tó sanwó kì í ṣe olè.