Ìgbàgbọ́ àti Ìsìn Mùsùlùmí Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Júù àti ti Kìrìsìtẹ́nì

Júù, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí jọ gbà pé Ọlọ́run kan ṣoṣo ló dá ayé, pé ó rán àwọn wòlíì sí ọmọ aráyé, àti pé ọjọ́ ìdájọ́ ń bọ̀. Orí ọ̀rọ̀ Jésù ni wọ́n ti pínyà. Lójú Kìrìsìtẹ́nì, Ọmọ Ọlọ́run ni, ọ̀kan nínú Mẹ́talọ́kan, tó kú lórí àgbélébùú tó sì jíǹde. Àwọn Júù kò gbà á ní Mèsáyà rárá. Kùránì pè é ní Mèsáyà, ó gbà pé wúńdíá ló bí i, ó tilẹ̀ sọ Súrà 19 lórúkọ ìyá rẹ̀, Maryam. Àmọ́ ó ní Ọlọ́run kò bímọ, wọn kò sì kan Jésù, tí Mùsùlùmí ń pè ní Ànábì Ísà, mọ́ àgbélébùú. Lórí pé Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan, Júù ni Mùsùlùmí sún mọ́ jù.

Nínú ìsìn náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ ni àdúrà Júù, ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni ìrun Mùsùlùmí. Jerúsálẹ́mù ni Júù ń kọjú sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn Mùsùlùmí ìṣáájú kọjú sí, títí àṣẹ fi dé ní Mẹ̀dínà, ní nǹkan bí ọdún 624, pé kí wọ́n yíjú sí Káábà ní Mẹ́kà. Ẹni tó fẹ́ kírun á kọ́kọ́ ṣe àlùwàlá: á fọ ọwọ́, ẹnu, imú àti ojú, á fọ apá dé ìgbúnwọ́, á fi omi pa orí, á fọ ẹsẹ̀ dé ọrùn ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni á dúró, á tẹ̀ ba, á sì fi iwájú orí kanlẹ̀. Kò sí orin, kò sí ìlù. Orin ni ìsìn Kìrìsìtẹ́nì fi ń dùn ní tirẹ̀, oúnjẹ Olúwa sì ni ọkàn rẹ̀ nínú ọ̀pọ̀ ìjọ.

Láti ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì ni Júù ti ń pa iṣẹ́ tì fún Ọjọ́ Ìsinmi. Jímọ̀ kò rí bẹ́ẹ̀: Kùránì ní kí wọ́n fi òwò sílẹ̀ nígbà ìpè ìrun, bí ìrun bá sì parí, kí kálukú máa wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ lọ. Ọjọ́ Àìkú ni Kìrìsìtẹ́nì mú nítorí àjíǹde.

Ààwẹ̀ Ọjọ́ Ètùtù àwọn Júù tó nǹkan bíi wákàtí 25 láìjẹ láìmu. Ti Ràmàdánì jẹ́ ọjọ́ 29 tàbí 30, ṣùgbọ́n ojúmọmọ nìkan ni, láàárín sààrì àti ìṣínu. Àwọn Júù máa ń fi oṣù kan kún kàlẹ́ńdà wọn nígbà méje láàárín ọdún 19, kí àjọ̀dún wọn má bàa kúrò ní àsìkò rẹ̀. Mùsùlùmí kì í fi kún un, ìdí nìyẹn tí Ràmàdánì fi ń fi nǹkan bí ọjọ́ 11 ṣáájú lọ́dọọdún. Ààwẹ̀ Lẹ́ńtì àwọn Kìrìsìtẹ́nì, ogójì ọjọ́, rọrùn jù nínú ọ̀pọ̀ ìjọ lónìí.

Júù àti Mùsùlùmí kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Ọtí wáìnì, tí Júù àti Kìrìsìtẹ́nì ń lò nínú ìsìn, èèwọ̀ ni fún Mùsùlùmí.

Ìrúbọ ẹran àwọn Júù dópin nígbà tí ọmọ ogun Róòmù wó Tẹ́ńpìlì Jerúsálẹ́mù lọ́dún 70. Kìrìsìtẹ́nì gbà pé ikú Jésù ti tó. Mùsùlùmí ṣì ń pa ẹran Iléyá ní ìrántí ọmọ tí Ibrahim fẹ́ fi rúbọ. Ísáákì ni Bíbélì pe ọmọ náà. Kùránì kò dárúkọ rẹ̀, àmọ́ Ismail ni ọ̀pọ̀ àlùfáà Mùsùlùmí mọ̀ ọ́n sí.