Igbá Tí Kò Sí: Ayípadà Aláìníye Lójú Kọ̀ǹpáílà

Àwọn tó ń kọ́ni ní èdè C sábà máa ń sọ fún akẹ́kọ̀ọ́ pé pàǹtí ló wà nínú ayípadà tí a kò tíì fún ní iye. Lójú wọn, ayípadà náà dà bí igbá tí a kò fọ̀ lẹ́yìn oúnjẹ àná: ẹni tó bá ṣí i yóò bá èérún nínú rẹ̀. Àlàyé yìí rọrùn láti gbà, ṣùgbọ́n kò tọ́. Lójú kọ̀ǹpáílà, igbá ọ̀hún gan-an ni kò sí. (Mo yọ ayípadà static sílẹ̀ o, òdo ni òfin èdè C fi sínú irú rẹ̀ kí ètò tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ti inú function ni mò ń sọ.)

Ẹ wo function kékeré kan tó kéde x, tí kò fi nǹkan kan sínú rẹ̀, tó sì dá a padà. Bí a kò bá ní kí kọ̀ǹpáílà dín iṣẹ́ kù, GCC àti Clang lórí x86-64 yóò kọ àṣẹ mov tó ń gbé ohun tó wà lórí stack lọ sínú eax. Níbí, ó jọ pé àwọn olùkọ́ jàre. Ṣùgbọ́n tí a bá fi -O2, ìyẹn àṣẹ tó ní kó dín iṣẹ́ kù, kún un, ret nìkan ni Clang ń kọ: kò sí mov, kò sí àyè kankan lórí stack tí a yà sọ́tọ̀ fún x. GCC ní tirẹ̀ á kọ xor eax, eax, èyí tó ń sọ rẹ́jísítà náà di òdo. Ká wá ní x ń gba 5 nígbà tí p bá jẹ́ òótọ́, tí kò sì gba nǹkan kan bí p bá jẹ́ irọ́. Àwọn méjèèjì á pa ìdánwò p rẹ́, wọ́n á sì máa dá 5 padà. Pàǹtí wo ló ń jẹ́ 5 ní gbogbo ìgbà? Kọ̀ǹpáílà wulẹ̀ mú iye tó rọ̀ ọ́ lọ́rùn jù ni, torí òfin èdè náà kò ní kó mú èyíkéyìí.

Ẹ̀rí tó wọ̀ mí lára jù wá láti inú BSD. Nígbà kan, bí function srandomdev kò bá rí /dev/random ṣí, ó máa ń da nọ́ńbà process pọ̀ mọ́ àkókò láti fi bẹ̀rẹ̀ nọ́ńbà àìròtẹ́lẹ̀, ó sì tún máa ń fi ayípadà aláìníye kan kún un. Junk, ìyẹn pàǹtí, ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Ní 2012, olùwádìí kan tó ń jẹ́ Xi Wang fi hàn pé àwọn àṣẹ tí kọ̀ǹpáílà gbé jáde fún function yìí lórí Mac ń pe getpid àti gettimeofday, àmọ́ wọn kò lo ìdáhùn wọn rárá. Ohun tí kò sí ló jẹ èyí tó wà run.

A lè bi mí pé: ṣé rẹ́jísítà kì í ní nǹkan nínú ni? Ó ní. Àmọ́ ta ló ṣèlérí pé rẹ́jísítà yẹn ni x? Lórí prọ́sẹ́sọ̀ Itanium, rẹ́jísítà tilẹ̀ ní bíìtì kan lẹ́yìn 64 tó ń kéde pé ohun tó wà níbẹ̀ kì í ṣe nǹkan kan.

Ojútùú kan ni pé kí kọ̀ǹpáílà máa fi òdo sínú gbogbo ayípadà aláìníye. Àwọn mìíràn ní èyí yóò fi àkókò ṣòfò, yóò sì bo àṣìṣe mọ́lẹ̀. Àfi array ńlá, ti àkókò kò wúwo: kọ̀ǹpáílà tó lè pa ìdánwò rẹ́ lè pa òdo tí ẹnikẹ́ni kò kà rẹ́ pẹ̀lú, GCC sì ti fi -ftrivial-auto-var-init, àṣẹ tó ń fún irú ayípadà bẹ́ẹ̀ ní iye, kún iṣẹ́ rẹ̀ ní 2022, lẹ́yìn Clang. Ti bíbo àṣìṣe ló wúwo, torí òdo lè jẹ́ ìdáhùn tí kò tọ́ tó sì jọ òótọ́. Síbẹ̀, àṣìṣe tó ń mú èsì kan náà wá lójoojúmọ́ ṣeé tọpa. Ọ̀nà tí òfin èdè C++26 gbà ni mo fara mọ́: kíkà ayípadà bẹ́ẹ̀ ṣì jẹ́ àṣìṣe tí kọ̀ǹpáílà lè kìlọ̀ lé lórí, ṣùgbọ́n yóò ní iye, kọ̀ǹpáílà kò sì ní lè fi í ṣe àwáwí láti pa iṣẹ́ tó yí i ká rẹ́.