Ọmọ Yorùbá Tí Ó Wá Ìdí Jẹjẹrẹ Ọmú

Kò sí ẹni tí ó dàgbà láàrin wa tí kò gbọ́ ìtàn ìjà Ore, nígbà tí àwọn ọmọ ogun Biafra dé ibí ní oṣù kẹjọ ọdún 1967, tí a sì dá wọn padà. Ọ̀tá ọjọ́ náà hàn sí gbogbo ojú. Ọ̀tá tí a fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí kò hàn, inú ilé wa ni ó sì ń gbé: àrùn jẹjẹrẹ ọmú ni. Ìtàn obìnrin kan tí ó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá ìdí rẹ̀ ni a mú wá fún yín.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Olopade ni orúkọ rẹ̀. Ilẹ̀ Nàìjíríà ni a gbé bí i ní 1957. Yunifásítì Ìbàdàn ni ó ti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó sì gba oyè dókítà ní 1980. Lẹ́yìn náà ni ó ré òkun kọjá lọ sí Amẹ́ríkà. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìwòsàn Cook County ní ìlú Chicago, ó sì wọ University of Chicago ní 1987. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ ìmọ̀ kún ìmọ̀ lọ́dọ̀ Janet Rowley, obìnrin tí ó fi hàn ní 1973 pé, nínú irú jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ kan, ègé méjì nínú okùn ìran ènìyàn ti pààrọ̀ ààyè fún ara wọn.

Kí ni okùn ìran yìí? Ara wa kún fún àwọn ohun tín-ín-tìn-tín tí à ń pè ní sẹ́ẹ̀lì. Nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, okùn tí àwọn onímọ̀ ń pè ní DNA wà, èyí tí ó jẹ́ pé bí a bá tú u, yóò gùn tó mítà méjì. A ká a mọ́ ara àwọn purotéènì, bí a ti ń ká òwú mọ́ ìrànwú, a sì pín in sí ìdì 46: 23 láti ọ̀dọ̀ bàbá, 23 láti ọ̀dọ̀ ìyá. Orí okùn yìí ni àṣẹ tí ara ń tẹ̀ lé wà. Àṣẹ kọ̀ọ̀kan ni à ń pè ní jíìnì. Méjì nínú wọn, BRCA1 àti BRCA2, ni ó ń tún okùn náà so nígbà tí ó bá já. Bí ọ̀kan nínú wọn bá bàjẹ́, àbùkù a máa gorí àbùkù, títí jẹjẹrẹ yóò fi ráyè wọlé.

Ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n yìí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ̀ jáde ní 2005 tún fi ohun mìíràn hàn. Nínú àwọn jẹjẹrẹ ọmú kan tí kì í ṣe àjogúnbá, a ti fi àmì pẹnu ọ̀nà BRCA1, tí ara kò fi lè kà á mọ́. Ó dà bí ìwé tí kò ya, ṣùgbọ́n tí a ti fi èdìdì dì. Nítorí náà, kì í ṣe ohun tí a kọ nìkan ni ó ṣe pàtàkì. Bí a ti dì í pẹ̀lú ṣe pàtàkì.

Ní 1992, ó dá ilé ìtọ́jú kan sílẹ̀ ní yunifásítì náà fún àwọn tí jẹjẹrẹ ń jà nínú ìdílé wọn. Ní 2005, a fi ẹ̀bùn MacArthur dá a lọ́lá. Ṣùgbọ́n kò gbàgbé ilé. Òun àti àwọn dókítà ilé ìwòsàn ńlá UCH ní Ìbàdàn jọ ṣe ìwádìí tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1998. Àbájáde tí wọ́n tẹ̀ ní 2018 jẹ́ ti obìnrin 1,136 tí ó ní àrùn náà, àti 997 tí kò ní in. Nínú 100 aláìsàn, nǹkan bí 15 ni ó jogún jíìnì tí ó bàjẹ́. Nínú 100 tí ara wọn le, kò pé 2.

Ẹ̀kọ́ wo ni èyí kọ́ wa? Èkíní, kì í ṣe àjẹ́, kì í sì í ṣe orogún ni ó fi àrùn yìí ránṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí a dẹ́kun fífi ẹ̀sùn kan aláìṣẹ̀. Èkejì, ìran bàbá lè gbé e wá gẹ́gẹ́ bí ìran ìyá. Àwọn àgbà wa a máa wádìí ìdílé kí wọ́n tó fẹ́ ìyàwó. Ìwádìí náà dára, ṣùgbọ́n kí a má ṣe fi ba ìgbéyàwó jẹ́. Bí òbí kan bá ní irú jíìnì bẹ́ẹ̀, ọmọ kọ̀ọ̀kan lè jogún rẹ̀, ó sì lè ṣàì jogún rẹ̀, ọgbọọgba ni. Ẹni tí ó jogún rẹ̀ pàápàá lè má ṣàìsàn láéláé. Ohun tí ó yẹ ni pé kí ìdílé kọ̀ọ̀kan kọ irú àìsàn tí ó ti pa àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀, kí dókítà lè rí i kà. Ẹ̀kẹta, obìnrin tí ó bá rí kókó ní ọmú rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi í pamọ́ nítorí ìtìjú. Kí ó tètè lọ sí ilé ìwòsàn, nítorí pé àrùn tí a tètè rí ni a tètè ń ṣẹ́gun.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, ọ̀nà tí ó gba Ore kọjá lọ sí Oǹdó ni yóò mú yín dé yunifásítì ìmọ̀ ìṣègùn tí ìjọba dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 2015. Láti Ìbàdàn ni obìnrin yìí ti gbéra. A kò rí ohun tí ó ní kí ọmọ Odigbo má lè gbéra láti Oǹdó.